Kí Ẹ Tó San Owó Lẹ́sìnnì Ìsinmi

Bí oṣù keje bá ti ń parí lọ, tí ilé ìwé sì fẹ́ tì, ìbéèrè kan ló máa ń wà lẹ́nu òbí: kí la fẹ́ fi àwọn ọmọ yìí ṣe títí di oṣù kẹsàn-án? Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ wa ń fún un ló kù díẹ̀ káàtó. Ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ á kó wọn lọ sí lẹ́sìnnì, kí wọ́n lọ tún máa jẹ ìṣirò àti gírámà tí wọ́n ti fi odindi ọdún jẹ. Ẹni tí owó kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ á fi fóònù lé wọn lọ́wọ́ kí ilé lè dákẹ́. Ilé ìkàwé ìjọba sì wà láàárín ìlú, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, àga inú rẹ̀ ṣófo.

N kò sọ pé lẹ́sìnnì burú o. Ọmọ tí ìṣirò ń yọ lẹ́nu ní tòótọ́, ẹ wá olùkọ́ fún un. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí a ń kó lọ síbẹ̀, ìwé kíkà gan-an ni kò tíì já gaara lẹ́nu wọn, òun ló sì ń fa gbogbo ìyókù sẹ́yìn. Ìwé kì í já gaara lẹ́nu ẹni tí kò bá kà á púpọ̀, ọmọdé kì í sì í ka ohun tí kò bá dùn mọ́ ọn púpọ̀. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ti kọ́ kíláàsì kẹta tàbí ìkẹrin rí. Yóò sọ fún yín pé ọmọ tí kò fojú kan ìwé láti ìparí oṣù keje á ti gbàgbé nínú èyí tó mọ̀ kí ó tó padà dé, àtúnkọ́ sì ni olùkọ́ á fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ nínú sáà tuntun ṣe.

Àwọn ará wa tó wà ní Ìlú Ọba mọ èyí. Láti ọdún 1999 ni àwọn ilé ìkàwé ìjọba níbẹ̀ ti ń ṣe ètò kan nígbà ìsinmi gígùn, Summer Reading Challenge ni wọ́n ń pè é. Ọmọ á forúkọ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, á yan ìwé tó wu òun fúnra rẹ̀, mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe òṣùwọ̀n, á máa yá wọn lọ sílé, á sì máa gba ẹ̀bùn kéékèèké bó ṣe ń kà wọ́n tán. Nígbà tó bá parí, wọ́n á fún un ní ìwé ẹ̀rí. Ọmọ Yorùbá tó ń dàgbà ní Peckham, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ní ilé ìkàwé kan nítòsí tí wọ́n ṣí lọ́dún 2000, tí ilé náà sì gba ẹ̀bùn Stirling fún iṣẹ́ ilé yíyà lọ́dún yẹn kan náà. Lóòótọ́, kò sí irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú wa. Ṣùgbọ́n ìwé mẹ́fà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, èwo ló ṣòro níbẹ̀? Òbí tó wà ní Òṣogbo tàbí Àkúrẹ́ lè ṣe é fúnra rẹ̀, bí ilé ìkàwé àdúgbò rẹ̀ kò bá tilẹ̀ ṣe ètò kankan.

Ìwé wo ni kí wọ́n wá kà? Ìgbà òjò fẹ́ ìtàn gígùn, nítorí kò sí ibi tí ọmọ ń sá lọ. Ẹ gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ wálé, èyí tí D. O. Fágúnwà gbé jáde lọ́dún 1938. Ẹ má tan ara yín jẹ o: ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kò lè dá ìwé yẹn kà, gbólóhùn rẹ̀ gùn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì jinlẹ̀. Àgbà ni kó kà á sókè, díẹ̀díẹ̀, lálaalẹ́. Àkàràògùn, ọdẹ tó ń sọ ìtàn inú ìwé náà, kò sọ ọ́ tán lọ́jọ́ kan. Ó máa ń dá a dúró, tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, èrò á ti pé jọ dè é. Bí ẹ bá dá ìwé náà dúró níbi tó ti dùn jù, ẹ ò ní í ní láti pe ọmọ kankan lálẹ́ ọjọ́ kejì.

Ọmọkùnrin ọdún mẹ́rìnlá tó ń fi imú sọ̀rọ̀ pé ìwé àwọn bàbá arúgbó ni ìwé Yorùbá, Àjà Ló Lẹrù ni oògùn rẹ̀. Oládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ọ́ lọ́dún 1969: ìtàn Lápàdé ni, ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀ rí, tó ń tọpa àwọn ọ̀daràn. Bó bá kà á tán, kó mú Àgbàlagbà Akàn tó tẹ̀ lé e. Ní tèmi, n kò tíì rí ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tó dùn jù wọ́n lọ. Àwọn tó ti wọ yunifásítì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn ló ti wo fíìmù Ó Le Kú tí Túndé Kèlání ṣe, tí wọn kò sì fojú kan ìwé tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ lọ́dún 1974. Kí wọ́n kà á, kí wọ́n wá sọ ohun tí fíìmù yọ kúrò.

Ìsinmi Kérésìmesì kúrú ju ti oṣù kẹjọ lọ, àlejò sì máa ń pọ̀ nílé. Eré onítàn ló bá a mu. Ẹ yá Ẹfúnṣetán Aníwúrà, ẹ pín ipa inú rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ àti àwọn ẹ̀gbọ́n wọn tó ti Èkó dé, kí wọ́n jókòó sí pálọ̀ kí wọ́n máa kà á bí ẹni ń ṣeré. Ẹni tó bá gba ipa Ẹfúnṣetán, Ìyálóde náà, kò ní í fẹ́ gbé e sílẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ rán èyí tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa nínú wọn lọ sí ilé ìkàwé, kí ó lọ wo ohun tí Samuel Johnson kọ nípa obìnrin náà nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó jáde lọ́dún 1921, kí ó wò ó bóyá Ìyálóde inú eré àti ti inú ìtàn dọ́gba. Irú ìwé ńlá bẹ́ẹ̀, wọn kì í sábà jẹ́ kí a gbé e lọ sílé. Ibẹ̀ ni a ti ń kà á. Àríyànjiyàn tó máa tẹ̀yìn rẹ̀ jáde sàn ju lẹ́sìnnì oṣù kan.

Ti àwọn kéékèèké, ìwé àlọ́ ni. Bí ilé ìkàwé yín bá ń lo ètò nọ́ńbà Dewey, 398 ni ẹ ó ti rí àlọ́; lítíréṣọ̀ èdè Áfíríkà, Yorùbá nínú rẹ̀, wà ní 896. Ẹ kọ́ ọmọ ní nọ́ńbà méjì yìí, kí ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá pẹpẹ náà kàn. Ọmọ tó dá ìwé wá rí yóò fẹ́ kà á. Bí ẹ bá sì ní ìyá àgbà tó mọ àlọ́ pa nílé, ẹ mú wọn dání. Ẹ bá òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé sọ̀rọ̀ ṣáájú, pé ẹ fẹ́ kí Màmá wá pàlọ́ fún àwọn ọmọ fún wákàtí kan. Inú wọn á dùn, nítorí àwọn náà ń wá ohun tí yóò fa ọmọdé wọlé. Àwọn àgbà ní a kì í pàlọ́ lọ́sàn-án. N kò rò pé òfin yẹn dé ilé ìkàwé tó ń tì kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mo mọ èsì tí ẹlòmíràn ti ní lẹ́nu. Ìwé ibẹ̀ ti gbó. Iná kò sí. Kò sí ìwé Yorùbá tó pọ̀ níbẹ̀. Òótọ́ ni lọ́pọ̀ ibi, ìjọba sì jẹ̀bi. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ ilé ìkàwé ṣàjèjì sí wa: Ìbàdàn ni UNESCO ti ṣe ìpàdé lọ́dún 1953 láti jíròrò bí ilé ìkàwé gbogbogbòò yóò ṣe gbèrú ní Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìwé kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí gbogbo ẹni tó bá wọlé ń kọ orúkọ sí. Òun ni ọ̀gá ilé ìkàwé ń gbé lọ síwájú àwọn tó ń pín owó, láti fi hàn pé àwọn èèyàn ń lo ibẹ̀. Bí orúkọ márùn-ún péré bá wà nínú rẹ̀ lọ́sẹ̀ kan, kí ni yóò fi bèèrè owó ìwé tuntun? Nítorí náà, bí ẹ bá wọlé, ẹ kọ orúkọ yín àti ti ọmọ kọ̀ọ̀kan tí ẹ mú dání. Bí ìwé tí ẹ ń wá kò bá sí, ẹ sọ ọ́ fún wọn, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ti dàgbà, ìwé ìtàn tó ń jẹ eruku lábẹ́ ibùsùn yín wúlò fún wọn ju ẹ̀yin lọ.

Ìforúkọsílẹ̀ kò le. Lọ́pọ̀ ibi, fọ́ọ̀mù, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù àti ẹni tó máa dúró fún yín ni wọ́n ń bèèrè. Owó tí wọ́n ń gbà, bó bá wà rárá, yàtọ̀ láti ibì kan sí òmíràn, ẹ bèèrè kí ẹ tó lọ. Ẹ mú nílọ́ọ̀nù dání láti fi wé ìwé, nítorí òjò oṣù keje kò mọ ìwé ìjọba yàtọ̀, ẹni tó bá sì ba ìwé jẹ́ ló máa rà á padà. Bí ilé ìwé bá ti tì lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ mú àwọn ọmọ lọ sí ilé ìkàwé ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan fún ẹnikẹ́ni.