Mọ́tò Agolo Kì Í Ṣe Ìranù

Àwọn ọmọdé Ìlọrin tí ń fi agolo mílíìkì ṣe mọ́tò, tí wọ́n ń gé sílípáàsì gbígbó fi ṣe táyà rẹ̀, ìyìn ni ó tọ́ sí wọn, kì í ṣe ẹgba. Olùkọ́ tí ó bá gbà á lọ́wọ́ ọmọ, tí ó sì sọ ọ́ nù, ẹ̀kọ́ ni ó sọ nù.

Ẹ jẹ́ kí a mú Peugeot 504. Ọkọ̀ tí ará ìlú máa ń rà fún ìrìn-àjò nígbà kan rí ni. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kàdúná, ní ọdún kan náà sì ni Ove Andersson fi irú rẹ̀ borí nínú eré ìje Safari ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà. Gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 450 sẹ̀ǹtímítà. Bí ọmọ bá fi 25 pín in, yóò rí 18. Kí ó pín ìbú àti gíga rẹ̀ bákan náà kí ó tó fi àlùmọ́gàjí kan agolo. Bí ìṣirò bá yẹ̀, ilẹ̀kùn kò ní bá ojú rẹ̀ mu. Ọmọ náà yóò sì rí àṣìṣe rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bá a wí.

Ní 1982, ìjọba àpapọ̀ mú ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ẹ̀rọ wọ ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì. Ní ọ̀pọ̀ ibi, inú àpótí ni àwọn ẹ̀rọ olówó gọbọi náà jókòó sí: kò sí iná, kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò. Àlùmọ́gàjí kò bèèrè iná. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, nígbà tí àwọn olùdíje bá wá pàtẹ ìlérí ní Ọjà Ọba, ẹ bi wọ́n léèrè: èló ni ẹ ó fi ra irinṣẹ́ fún ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò wa, ta ni yóò sì kọ́ àwọn olùkọ́ bí a ti ń lò ó?