Ẹ̀tọ́ Ẹni tí Ọlọ́pàá Mú

Bí ènìyàn bá bi àwọn ará Ṣàṣà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, pé kí ni ìjọba àwa-ara-wa, ìbò dídì ni ọ̀pọ̀ wọn yóò kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Ìdáhùn náà dára, ṣùgbọ́n kò tó. Ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń dìbò yan gómìnà. Ọlọ́pàá lè mú ènìyàn ní alẹ́ ọjọ́kọ́jọ́.

Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 kò gbàgbé irú alẹ́ bẹ́ẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí abala 35 ti wí, ẹni tí wọ́n mú lè dákẹ́ jẹ́ẹ́ títí yóò fi bá agbẹjọ́rò tàbí ẹlòmíràn tí ó bá yàn sọ̀rọ̀. Kí wákàtí 24 tó pé, dandan ni kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ mú un sínú ìwé fún un, ní èdè tí ó gbọ́. Ẹni tí kò gbọ́ ju Yorùbá lọ ní ẹ̀tọ́ sí ìwé Yorùbá. Mélòó ni ó ti rí i gbà? Níbi tí ilé ẹjọ́ bá sì wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni òfin fún ọlọ́pàá láti gbé e dé ibẹ̀, àfi bí ẹ̀sùn náà bá jẹ́ èyí tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú. Ìkẹjà, níbi tí ilé ẹjọ́ pọ̀ sí, kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀ sí Ṣàṣà rárá.

Àwọn kan a máa wí pé olè ti pọ̀ jù fún irú ojú àánú bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti jà lólè rí kò ṣeé bá wí bí ó bá sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó mọ olè kí adájọ́ tó gbọ́ ẹjọ́? Ọmọṣẹ́ télọ̀ tí ó pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù àti ìgárá tí ó ń wá ilé tí yóò fọ́, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń rìn lóru.

Nàìjíríà sì ti tọ ọ̀nà kejì wò rí. Òfin nọ́ḿbà 2 tí ìjọba ológun ṣe ní ọdún 1984 fún wọn ní àṣẹ láti ti ènìyàn mọ́lé láìgbé e dé ilé ẹjọ́. Ààbò ìlú ni wọ́n ní àwọn ṣe é fún. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 30 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1996, ní Ìkẹjà yìí kan náà, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mú agbẹjọ́rò Gani Fáwẹ̀hìnmi nínú ilé rẹ̀ láìní ìwé àṣẹ lọ́wọ́, ó sì di èrò ẹ̀wọ̀n ní Bauchi. Bí ojú ẹni tí ó mọ òfin dunjú bá rí èyí, kí ni ọmọṣẹ́ télọ̀ yóò wí?

Òfin ológun náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ láti ọdún 1999. Síbẹ̀ owó ni ọ̀pọ̀ ìyá ṣì ń sá kiri wá lóru láti gba ọmọ sílẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé àwọn ọlọ́pàá fúnra wọn a máa kọ ọ́ sára ògiri pé ọ̀fẹ́ ni béèlì. Ìyá tí ó bá mọ ohun tí abala 35 wí yóò kọ́kọ́ béèrè ìwé ẹ̀sùn ọmọ rẹ̀, yóò sì béèrè rẹ̀ ní Yorùbá.