Kí Ilé Olóúnjẹ Má Ṣe Bá Ìyá Wọ Ilẹ̀

Àwọn baba wa ní, bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ṣùgbọ́n bí ìyá olóúnjẹ ẹlẹ́ja bá kú ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, kí ni ó ń rọ́pò rẹ̀? Nígbà púpọ̀, ilẹ̀kùn títì ni. Ọ̀rọ̀ yìí ni àwa fẹ́ gbé ka iwájú yín lónìí.

Abẹ́òkúta kò sí létí òkun, ṣùgbọ́n a kò jìnnà sí ẹja. Odò Ògùn gba ìlú wa kọjá lọ sí ọ̀sà Èkó. Odò Òyán tí ó ń ṣàn wọ inú rẹ̀ ni ìjọba fi dáàmù sé, tí Ààrẹ Shehu Shagari sì ṣí i ní 1983. Àwọn apẹja ń ná àwọ̀n wọn nínú adágún rẹ̀. Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa pẹ̀lú sì ń sin ẹja àrọ̀. Ẹja wọ̀nyí ni ìyá olóúnjẹ ń yan, tí ó ń sè, tí ó ń bù lé láfún àti ìrẹsì Ọ̀fadà. Apẹja, àgbẹ̀, aláta, onígi ìdáná, gbogbo wọn ni ó ń jẹ lára ìkòkò kan ṣoṣo náà. Owó ilé ìwé ọmọ púpọ̀ sì ti ibẹ̀ jáde.

Kì í ṣe àìsí oníbàárà ni ó ń pa àwọn ilé wọ̀nyí. Láti 2021 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń gbé èrò láti Èkó wá sí Láàdérin. Ilẹ̀ ni ìṣòro. Orí ilẹ̀ ẹbí ọkọ ni ìyá sábà máa ń kọ́ ìsọ̀ rẹ̀ sí. Bí ọkọ bá kú láìkọ ìwé ìhágún, ìdí igi ni a ó fi pín in. Ilé ẹjọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó ń gbọ́ ẹjọ́ wa nígbà náà, fi ọwọ́ sí àṣà yìí ní 1962 nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole. Àwa kò bú àṣà. Ṣùgbọ́n ìdí igi lè pín ilẹ̀. Kò lè pín ìkòkò ọbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin baba, ẹ ṣe ìwé fún ìyàwó yín nígbà tí ẹ wà láàyè. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ ti ẹbí, kí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí fi ọwọ́ sí i, kí ìwé náà lè ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ níwájú adájọ́. Ẹ̀yin ìyá, ẹ fi orúkọ ilé oúnjẹ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ CAC, ẹ má sì fi ìṣirò gbèsè àti èrè pamọ́ sí orí nìkan. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tí ó kàwé máa kọ ọ́ sílẹ̀, ìbá à jẹ́ ọkùnrin. Kò sí ìtìjú nínú iṣẹ́ tí ó bọ́ ni dàgbà.

Ẹ rántí àwọn obìnrin ọjà Ẹ̀gbá tí wọ́n dìde lẹ́yìn Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ní 1947 nítorí owó orí, títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò ní ìlú ní 1948. Wọn kò jẹ́ kí aláṣẹ gba èrè ọwọ́ wọn. Ǹjẹ́ ó yẹ kí àìkọ ìwé wá gbà á lọ́wọ́ àwọn ọmọ wọn? Kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wa má ṣe kú láìní arọ́pò.