Orúkọ irun wà lára fọ́tò, orúkọ ẹni tó ni orí dà?

Ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ jẹ́ ọmọge láàárín ọdún 1968 sí 1980, ọ̀rọ̀ yín ni mo gbé dé lọ́sẹ̀ yìí. Bẹ́ ẹ bá ń gbé Èkó nígbà náà, tí ọkùnrin kan tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn dá yín dúró lójú títì tàbí lóde ìgbéyàwó, tó ní kẹ́ ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ kẹ̀yìn sóun kóun ya irun orí yín, ó ṣeé ṣe kí orí yín ti dé Paris láìgba físà. Mi ò ṣàwàdà o. Ó lè jẹ́ pé irun yín làwọn òyìnbó ń wọ́ lọ wò, nígbà tí ẹ̀yin fúnra yín jókòó sílé, tẹ́ ẹ ń ṣa ẹ̀wà.

Ọkùnrin tí mò ń sọ ni J.D. 'Okhai Ojeikere. Ọmọ Yorùbá kọ́. Abúlé kan tó ń jẹ́ Ovbiomu-Emai, ní ìpínlẹ̀ Ẹdó òde òní, ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1930. Ṣùgbọ́n àárín wa níbí ló ti ṣiṣẹ́ jẹun, àárín wa náà ló kú sí. Ọdún 1950 ló ra kámẹ́rà kékeré kan, Brownie D, tí kò tiẹ̀ ní iná. Nígbà tó ń wá iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìròyìn n'Íbàdàn, lẹ́tà ló ń kọ. Ó kọ, ó tún kọ, kò sú u, àfìgbà tí wọ́n gbà á lọ́dún 1954 pé kó wá máa ṣèrànwọ́ nínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò. Ọdún 1961 ló bọ́ sí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn WNTV, èyí tó bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn lọ́dún 1959. Lọ́dún 1963, ó kó wá sí Èkó, ó ń ya fọ́tò fún ilé iṣẹ́ ìpolówó ọjà West Africa Publicity. Ọdún 1975 ló dá tiẹ̀ sílẹ̀, ó pè é ní Foto Ojeikere.

Ẹ rí i, ẹni tó bá fi fọ́tò jẹun láyé ìgbà yẹn, ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìsọmọlórúkọ àti páásípọ́ọ̀tù ni. Èyí tí Ojeikere mú ní tiẹ̀ ló jẹ́ ká máa sọ̀rọ̀ ẹ̀ lónìí. Ọdún 1968 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin, kò sì yéé yà á fún ọ̀pọ̀ ọdún. Níbi àjọ̀dún, níbi iṣẹ́, níbi ìnáwó, lójú títì, ibi tó bá ti pàdé irun tó dáa ló ti ń bẹ̀bẹ̀. Nígbà tí yóò fi ṣíwọ́, irun tó yà ti tó bí ẹgbẹ̀rún kan.

Kò wá ẹ̀rín ẹnu kiri. Nínú ọ̀pọ̀ fọ́tò náà, ìpàkọ́ lẹ máa rí. Nínú òmíràn, ẹ̀gbẹ́ orí. Dúdú àti funfun ni wọ́n, kò sí òdòdó orí tábìlì, kò sí kọ́tìnnì aláràbarà lẹ́yìn. Irun ṣáá ni. Bí onídìrí ṣe la ojú irun gẹ́rẹ́ bí ojú ọ̀nà, bí òwú dúdú ṣe yí irun ká láti ìdí dé ṣóńṣó, gbogbo ẹ̀ hàn kedere, àfi bí ẹni pé ẹ lè nawọ́ kàn án.

Ó sì kọ orúkọ irun sílẹ̀. Lọ́dún 1975, ó ya Onílé Gogoro, èyí tó tún ń jẹ́ Àkàbà. Ọdún yẹn náà ló ya Abẹ̀bẹ̀, tó ya ṣùkú ìgbàlódé. Ti ọdún 1969 kan wà tó ń jẹ́ Pineapple, nítorí pé bí ọ̀pẹ̀yìnbó gan-an ló ṣe rí. Kì í ṣe ti Yorùbá nìkan ló yà, ó ya ti àwọn ẹ̀yà mìíràn pẹ̀lú. Ẹni tó bá sì mọ orúkọ irun, onítọ̀hún ti mọ ìtàn ìlú. Ọdún 1965 ni Cocoa House yọrí n'Íbàdàn, alájà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Owó epo tún dé, ilé gíga ń hù l'Ékòó bí olú. Ṣé ẹ wá rí i pé nígbà táwọn kọnturakítọ̀ ń kọ́ onílé gogoro sórí ilẹ̀, àwọn onídìrí ń kọ́ tiwọn sórí obìnrin! Nígbà tí afárá Èkó dé, wọ́n kó o sórí náà, wọ́n pè é ní Èkó Bridge. Ṣáájú òmìnira ọdún 1960, wíìgì àti irun tí wọ́n fi òòyà gbígbóná nà ni ọ̀pọ̀ obìnrin ìlú ńlá fi ń ṣe fáàrí. Lẹ́yìn òmìnira ni irun dídì àti irun kíkó tún gbé orí sókè, tí kò sì ti ẹnikẹ́ni lójú mọ́.

Kí nìdí tí gbogbo èyí fi ṣe pàtàkì? Ẹ ronú sí i. Ère Ifẹ̀ wà ní mùsíọ́ọ̀mù, aṣọ òkè ìyá àgbà wà nínú àpótí. Irun ńkọ́? Ta ló lè ká irun sínú àpótí? Iṣẹ́ tí onídìrí fi odidi ọjọ́ ṣe, tí ọrùn ń ro ẹni tó ń dì í fún, ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n á tú u, ó ti parí. Ojeikere mọ èyí. Òun fúnra ẹ̀ sọ ọ́ pé irun kì í pẹ́, ìdí nìyẹn tóun fi fẹ́ kí àpẹẹrẹ ẹ̀ ṣẹ́ kù. Iṣẹ́ ọwọ́ tí kì í pé oṣù kan lórí ni ọkùnrin yìí sọ di ohun tó ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí.

Àwọn òyìnbó ò fojú di í. Lọ́dún 2000, Fondation Cartier pàtẹ ẹ̀ ní Paris. Ọdún 2007, ó dé Kassel ní Jámánì. Ọdún 2013, ó dé Venice ní Ítálì. Oṣù kejì ọdún 2014 ló kú l'Ékòó, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Nílé níbí, ẹni tó dìde sí ọ̀rọ̀ náà jù ni Bisi Silva, obìnrin tó dá CCA Lagos sílẹ̀. Òun ló kó iṣẹ́ Ojeikere jọ sínú ìwé ńlá kan tó jáde lọ́dún 2014 náà. Bisi Silva pẹ̀lú ti lọ lọ́dún 2019. Ẹ bá mi kí i o.

Ọ̀rọ̀ tó ń dùn mí wá nìyí. Ẹ wo àkọlé àwọn fọ́tò irun yẹn: orúkọ irun ni, ọdún ni. Onílé Gogoro, 1975. Ta ló ni orí? Ta ló kó irun náà? Wọn ò sí nínú àkọlé. Mi ò dá Ojeikere lẹ́bi o, irun ló ń wá, ó sì kọ orúkọ irun, èyí tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán ẹgbẹ́ ẹ̀ ò tiẹ̀ rántí kọ. Ṣùgbọ́n ìyá kan wà níbì kan tó jẹ́ pé ìpàkọ́ ẹ̀ gbajúmọ̀ ju òun fúnra ẹ̀ lọ. Onídìrí kan wà tó ṣe iṣẹ́ tí ayé ń pè ní iṣẹ́ ọnà, tó jẹ́ pé àwọn ọmọ ẹ̀ ò mọ̀.

Bẹ́ẹ̀, Ojeikere gan-an rìnnà kore ni. Àwọn fọtógíráfà ìlú kéékèèké ńkọ́? Lọ́dún 1978, òyìnbó Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, kọ̀wé nípa àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Yorùbá, Ìlá-Ọ̀ràngún sì wà lára ibi tó ti ṣèwádìí. Ohun tó rí níbẹ̀ ju ká kàn jókòó kí wọ́n ya wá lọ. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, fọtógíráfà á ya èyí tó kù, á wá tẹ fọ́tò ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì síbi kan náà, kí Táyé àti Kẹ́hìndé lè jókòó ti ara wọn. Bó bá jẹ́ ọkùnrin kan, obìnrin kan ni wọ́n, wọ́n á wọ aṣọ ọkùnrin fún ọmọ tó kù, wọ́n á yà á, wọ́n á tún wọ aṣọ obìnrin fún un, wọ́n á yà á. Ìyá á wá gbé fọ́tò náà sọ́dọ̀ bí ère ìbejì. Ẹ gbọ́, ṣé ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí láàárín ìlú, fọ́tò nìkan ló ń yà? Ìtùnú ló ń tà.

Ilé irú àwọn bẹ́ẹ̀ ló kún fún páálí nẹ́gẹ́tíìfù. Baba á kú, àwọn ọmọ á pín ilé, wọ́n á pín ilẹ̀, wọ́n á wo páálí náà pé kí lèyí, wọ́n á gbé e lọ sórí ààtàn. Ohun tí wọ́n dànù yẹn ni ìgbéyàwó ìyá ẹlòmíì, ìwúyè ọba, àjọ̀dún iléèwé, ọjà tí wọ́n ti wó. Odidi ìlú ló lọ sórí ààtàn yẹn, ẹnikẹ́ni ò sì ké.

Nítorí náà, iṣẹ́ kékeré kan ni mo bẹ̀ yín sí. Ẹ kó fọ́tò inú ilé yín jáde lópin ọ̀sẹ̀ yìí, nígbà tí ìyá tàbí bàbá yín ṣì lè sọ pé, lágbájá nìyí, tàmẹ̀dù nìyí, ibi báyìí la wà, ọdún báyìí ni. Ẹ fi pẹ́ńsù rírọ̀ kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò, kì í ṣe báírò, torí tàdáwà báírò máa ń là á kọjá. Ẹ kọ orúkọ ayàwòrán náà, òǹtẹ̀ ẹ̀ sábà máa ń wà lẹ́yìn. Ẹ kọ orúkọ irun àti ẹni tó dì í, bí wọ́n bá rántí. Ẹ yọ wọ́n kúrò nínú áúbọ́ọ̀mù onígọ́ọ̀mù tó ń lẹ̀ mọ́ wọn, ẹ gbé wọn síbi tí òjò àti oòrùn ò ti ní dé. Ẹ máa gbẹ́kẹ̀ lé fóònù nìkan o, ọjọ́ tó bá já sómi, gbogbo ẹ̀ ló lọ. Bí fọtógíráfà àtijọ́ kan bá sì kù ládùúgbò yín, ẹ kí i lọ, kẹ́ ẹ bi í léèrè ibi tí páálí ẹ̀ wà.

Ìyá tó bá sì rántí pé ọkùnrin kan ní kóun kẹ̀yìn kóun ya irun òun lọ́dún náà lọ́hùn-ún, ẹ jẹ́ káwọn ọmọ ilé bá yín wo àwọn fọ́tò Ojeikere dáadáa. Bó bá jẹ́ ìpàkọ́ yín ni, ẹ má dákẹ́. Orí yín ni, orúkọ yín ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.