Ọkàn Òṣìṣẹ́ Wẹ́fíà àti Àṣà Ọ́fíìsì: Kí Ni Iṣẹ́ Ọ̀gá?

A fẹ́ fi ojú-ewé yìí sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ kan tí àwọn ọmọ kéwú wa ti ń wọ̀ báyìí, èyí ni iṣẹ́ wẹ́fíà.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn tí a kírun tán, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin tí a kọ́ ní kéwú wá kí wa. Ọ́fíìsì wẹ́fíà kan ni ó ti ń ṣiṣẹ́. A bi í pé, "Báwo ni iṣẹ́?" Ó dákẹ́. Nígbà tí ó yá, ó ní, "Àáfà, ọkàn mi ò balẹ̀ níbẹ̀."

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìyí. Wọ́n mú ọmọdébìnrin kan tí ó ń kiri dòdò lójú ọ̀nà márosẹ̀ wá sí ọ́fíìsì wọn. Gbogbo ẹni tí ó bá ti gba ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ni ó mọ dòdò Ìkirè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti pọ́n kọjá, tí a fi ata sí, tí a sì dín nínú epo pupa. Dòdò yìí ti tọ́ ọmọ, ó sì ti rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé gíga. Ṣùgbọ́n ọmọdé tí ó ń sá tẹ̀lé mọ́tò lójú títì, ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu. Nígbà tí ìyá ọmọ náà dé, ọmọ wa yìí fi ohùn líle bá a wí, ó pè é ní ìkà. Ìyá náà bú sẹ́kún. Ẹnì kan nínú àwọn àgbà ọ́fíìsì wá fà á sí kọ̀rọ̀, ó gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí ó máa mú ọmọ rẹ̀ lọ. Wọn kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sínú ìwé. Wọ́n fún ọmọ wa ní ìpín tirẹ̀ nínú owó náà, ó kọ̀ ọ́. Nígbà tí ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀, èsì tí ó gbà kò ju èyí lọ: "Bí a ti ń ṣe é níbí nìyẹn." Ní ọjọ́ kejì, ọmọdé náà tún wà lójú títì.

Ní tiwa, a rí àṣìṣe méjì. Àkọ́kọ́ ni àṣà ọ́fíìsì tí ó ti dà bí òfin. Èkejì ni ti ọmọ wa. Òun náà kiri rí ní kékeré, mọ́tò sì gbá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú rẹ̀. Ẹ̀rù ọjọ́ yẹn ni ó ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀kọ́ iṣẹ́ tí ó kọ́. Ọ̀gá rẹ̀ kò sì mọ̀, nítorí pé kò bi í léèrè rí.

Lórí àṣìṣe àkọ́kọ́, ẹ rántí ìtàn Ibnu-l-Lutbiyyah, tí Bukhari àti Muslim gbà wá. Ànábì (SAW) rán an lọ gba sàká lọ́wọ́ àwọn Banuu Sulaim. Nígbà tí ó padà dé, ó ya ẹrù sí ọ̀nà méjì: ó ní apá kan jẹ́ ti sàká, wọ́n sì fi apá kejì ta òun lọ́rẹ. Ànábì bi í pé bí ó bá jókòó sí ilé bàbá àti ìyá rẹ̀, ṣé ẹ̀bùn náà yóò wá bá a níbẹ̀? Lẹ́yìn náà ó gun mínbárì, ó ṣe ìkìlọ̀ fún gbogbo ènìyàn láì dárúkọ ọkùnrin náà. Ẹ wo ìṣe ọ̀gá rere: ó yẹ iṣẹ́ wò, ó fi ìbéèrè la òṣìṣẹ́ lójú, kò sì jẹ́ kí ìwà burúkú di àṣà.

Ẹnì kan lè wí pé, ṣé kí olúkúlùkù wá máa fi ọkàn tirẹ̀ ṣe iṣẹ́ ìjọba ni? Rárá o. Ní Èkó ní àwọn ọdún 1940, nígbà tí wẹ́fíà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ Donald Faulkner, ìjọba òyìnbó ṣe òfin lórí àwọn ọmọdé ní 1943, wọ́n sì fi ń lé àwọn ọmọbìnrin tí ń kiri ọjà kúrò lójú títì. Ewu wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ojú ìlú wọn ni àwọn òyìnbó fi wò ó. Lójú àwọn ìyá Èkó, ìkiri jẹ́ ẹ̀kọ́ òwò, ó sì jẹ́ oúnjẹ ilé. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ òbí ṣe takò ó.

Lónìí, òfin tiwa ti wà. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun náà ti sọ di tirẹ̀, kò gbà kí á fi ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kiri ọjà lójú ọ̀nà márosẹ̀. Nítorí náà, ọmọ gbọ́dọ̀ kúrò lójú títì. Bí a óò ṣe bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni ó kù, ibẹ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ ọ̀gá wà.

Kí ọ̀gá yan àkókò kan lọ́sẹ̀ fún òṣìṣẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n jókòó níbi tí etí ẹlòmíràn kò ti ní gbọ́ ọ, kí ilẹ̀kùn sì wà ní ṣíṣí bí ó bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin. Kí ó bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Kí ni òfin wí? Kí ni àṣà wa níbí? Kí ni ọkàn ìwọ alára ń sọ? Bí àṣà bá takò òfin, kí àṣà yẹ̀ fún un. Bí òṣìṣẹ́ bá kọ owó haráámù, kí wọ́n má fi ìyà jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ọkàn òṣìṣẹ́ ni kò jẹ́ kí ó lè ran ẹni tí ó wá lọ́wọ́, bóyá ọmọbìnrin tí ó lóyún láìlọ́kọ tàbí ọkùnrin tí ọtí ti bà jẹ́, kí ó tètè sọ fún ọ̀gá, kí wọ́n fi ẹlòmíràn sí i. Kí ó má ṣe fi wáàsí lé e padà. Ní Ìkirè àti Àpòmù, Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì àti onísẹ̀ṣe ń gbé inú agbo ilé kan náà. Amáná ni gbogbo wọn jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó jókòó sí ọ́fíìsì ìjọba.

Ẹ má jẹ́ kí á rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan àwa tí ń kọ́ni ní kéwú. Ọmọdébìnrin tí wọ́n mú lọ́jọ́ yẹn, ọmọ ilé kéwú wa ni. A ti nà án rí nítorí pé ó pẹ́ dé, a kò bi í pé ibo ni ó ti ń bọ̀. Nígbà tí a dé ilé wọn ni a tó mọ̀ pé opó ni ìyá rẹ̀, egbò ẹsẹ̀ kò sì jẹ́ kí ó lè rìn jìnnà. Àwọn obìnrin àsàlátù ti ń bá a gbé dòdò lọ sí ọjà báyìí. Ìbéèrè kan péré ni ìbá ti fi gbogbo èyí hàn ní ọ́fíìsì, àti ní ilé kéwú pẹ̀lú.

Ọmọ wa ti lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá náà. Àwa náà ti tọrọ ti wa lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ti ọ̀gá ọ́fíìsì ni a ń retí. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Kí Ọlọ́run Allah jẹ́ kí á lè máa béèrè kí á tó dájọ́, kí Ó má sì jẹ́ kí amáná bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Àmín.