Ìrora Apá Kì Í Ṣe Ìwà Ọ̀lẹ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé torí kí n lè sá fún iṣẹ́ ni mo ṣe ń kọ èyí.

Nígbà tí mò ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò GCSE, mo máa ń kọ̀wé fún wákàtí mẹ́ta lójúmọ́. Tí mo bá parí, màá tún gbé géèmù. Kò pẹ́ tí apá ọ̀tún fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí, láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́. Mo sọ fún Mọ́mì mi. Wọ́n ní, "Ọ̀lẹ ló ń ṣe ẹ́. Èmi tí mò ń nu ilẹ̀ ọ́fíìsì láti aago márùn-ún ìdájí, ṣé o gbọ́ kí n sọ pé apá ń ro mí?" Mo panu mọ́. Ó di ọjọ́ tí bírò bọ́ lọ́wọ́ mi, tí mi ò lè dì í mú mọ́, kí a tó lọ rí dókítà.

Ohun tí dókítà ṣàlàyé yà mí lẹ́nu. Àwọn iṣan ńlá tó ń ká ìka wa, apá ni wọ́n wà, wọn ò sí nínú ìka. Ẹ dán an wò: ẹ fi ọwọ́ òsì di inú apá ọ̀tún yín mú, nísàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́ díẹ̀, kí ẹ máa ká ìka ọ̀tún, kí ẹ sì máa nà án. Ṣé ẹ rí i bó ṣe ń yí lábẹ́ awọ? Òun nìyẹn. Ó dà bíi kànga: òkè la ti ń fa okùn, ìsàlẹ̀ ni korobá ti ń gbéra.

Iṣan méjì ló ń ṣe iṣẹ́ yìí fún ìka mẹ́rin. Ti òkè ń ká oríkèé àárín ìka. Èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń ká orí ìka. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní okùn 4, àtàǹpàkò sì ní okùn tirẹ̀. Gbogbo okùn 9 yìí ló ń gba ọ̀nà tóóró kan kọjá ní ọrùn ọwọ́, pẹ̀lú iṣan tó ń jẹ́ kí ìka mọ nǹkan lára. Tí a bá ń lò wọ́n láìsinmi, ibẹ̀ lè wú kó sì há. Ìka á máa kú, á dà bíi pé abẹ́rẹ́ ń gún un.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbá rugby náà, ẹ gbọ́. Tí ẹ bá di ẹ̀wù ẹni tó ń sá lọ mú, okùn tó ń ká orí ìka lè já, pàápàá ti ìka òrùka. Tí orí ìka ò bá ká mọ́, ẹ lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà. "Ó máa lọ" kì í ṣe oògùn.

Mo mọ̀ pé ìfaradà dára. Mo sì mọ̀ pé àwa ọmọ máa ń fi àìsàn bojú nígbà mìíràn tí a ò bá fẹ́ fọ abọ́. Àmọ́ ìbéèrè ò ná yín ní kọ́bọ̀: Ibo ló ń ro ẹ́? Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Kí lò ń ṣe tó fi ń ro ẹ́? Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Àwa ọmọ náà, ẹ jẹ́ ká máa sinmi láàárín iṣẹ́, ká má di bírò mú bí ẹni di olè mú, ká sì tètè sọ̀rọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ tí a ti ọ̀dọ̀ dókítà dé, mo bá Mọ́mì níbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀rí pa apá wọn. Aṣọ ìnulẹ̀ tí wọ́n ń fún lójoojúmọ́, iṣan kan náà ló ń fún un. Ó ti ń ro wọ́n tipẹ́. Wọn ò sọ fún ọ̀gá wọn, kí wọ́n má bàa dín wákàtí iṣẹ́ wọn kù. Bẹ́ẹ̀, láti ọdún 1974 ni òfin ti wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí pé agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ dáàbò bo ìlera òṣìṣẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí wa, kí ẹ tó pè wá ní ọ̀lẹ, ẹ bi wá léèrè. Tó bá sì jẹ́ apá tiyín ló ń ro yín, ẹ má fi pa mọ́ fún wa. A lè bá yín fún aṣọ.