Ìkánjú Kì í Kọ́ Akọni Ọmọ Ogun

Ó ti di àṣà ọ̀pọ̀ ìjọba, nígbà tí ogun bá le tí àwọn akọni ọmọ ogun sì ń dín kù, láti gé ìgbà ẹ̀kọ́ àwọn tí yóò rọ́pò wọn kúrú. Ọ̀rọ̀ náà a máa dùn létí: bí a bá fi oṣù mẹ́fà kọ́ ohun tí a ń fi ọdún méjì kọ́ tẹ́lẹ̀, a ó ní ènìyàn ní ìlọ́po mẹ́rin. Ìṣirò yìí pé lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ìtàn ilẹ̀ Jàpáànì nínú Ogun Àgbáyé Kejì fi hàn pé kò pé lójú ìjà.

Kí ogun náà tó dé, kì í ṣe ohun kékeré láti di awakọ̀ òfurufú láàárín àwọn ọmọ ogun ojú omi Jàpáànì. Saburo Sakai, ọ̀kan nínú wọn, sọ pé ní ọdún 1937, àwọn tí ó béèrè fún ẹ̀kọ́ náà ju 1,500 lọ. 70 ni a mú, 25 péré ni ó yege. Irú àwọn wọ̀nyí ni ó kọlu Pearl Harbor ní oṣù Kejìlá ọdún 1941.

Láti ìjà Midway ní ọdún 1942 títí dé ti Guadalcanal, ikú ń pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Jàpáànì kò pe àwọn tí ó kù padà kí wọ́n wá kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Ó fi wọ́n sílẹ̀ lójú ìjà títí ọ̀pọ̀ fi ṣègbé. Epo tún wọ́n, ìdánrawò sì dín kù. Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ ń dá àwọn akọni rẹ̀ padà sílé láti di olùkọ́.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà ọdún 1944, àwọn méjèèjì pàdé lórí òkun Philippines. Ẹgbẹ́ kan wà nínú àwọn awakọ̀ Jàpáànì tí kò tíì ṣe ìdánrawò pọ̀ ju nǹkan bí oṣù méjì lọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Jàpáànì ti pàdánù ọkọ̀ òfurufú tí ó ju 200 lọ; ti Amẹ́ríkà kò tó 40. Nígbà tí ó di oṣù Kẹwàá, Jàpáànì bẹ̀rẹ̀ sí rán àwọn ọ̀dọ́ láti fi ara wọn àti ọkọ̀ wọn kọlu ọkọ̀ ojú omi ọ̀tá. Àwọn tí a kò ráyè kọ́ bí a ti ń jà, a kọ́ wọn bí a ti ń kú.

A kò wí pé kí ìjọba má ṣe dín ẹ̀kọ́ kù láéláé. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1940 nígbà tí Jámánì dojú kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ní àkókò kan náà, ó ń fi ìdí ilé ẹ̀kọ́ múlẹ̀ ní Kánádà, níbi tí ọwọ́ ọ̀tá kò tó. Àgbẹ̀ tí ìyàn mú lè dín oúnjẹ rẹ̀ kù. Èyí tí ó bá sun èbù rẹ̀ jẹ, kí ni yóò gbìn nígbà tí òjò bá rọ̀? Olùkọ́ ni èbù ogun.

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ìjọba tí ó bá fẹ́ ní akọni lọ́la, òní ni kí ó ti máa kọ́ wọn, kí ó sì dá ẹ̀mí àwọn olùkọ́ wọn sí. Bí ọ̀tá bá ti dé ẹnu odi, ẹ̀pa kò ní bóró mọ́.